Atọ́nà Olúbọ̀wálé

Rodiat ọmọ Ìṣọlọ̀ kì í tètè dárí jini, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to àwọn ẹ̀rọ síwájú awakọ̀ bàálù, ní ṣọ́ọ̀bù kan níhà Òṣòdì, nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ibẹ̀ ni Olúbọ̀wálé wọlé bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ní òun fẹ́ ra GPS tuntun, ẹ̀rọ atọ́nà, sínú bàálù kékeré òun.

Ọkùnrin yìí ló yẹ kó fẹ́ Rodiat. Ìdáná ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá Rodiat ti ra léèsì lọ́jà Aswani, kí ẹ̀gbọ́n ìyá Bọ̀wálé tó ti Jakande Estate wá sọ pé, "Ọmọ wa ní òun ò rí ọ̀nà níbẹ̀ mọ́." Bọ̀wálé fúnra rẹ̀ kò yọjú. Ìtìjú yẹn kò jẹ́ kí ìyá Rodiat lè lọ síbi ìsọmọlórúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ládùúgbò.

Ẹni tí kò rí ọ̀nà ló wá ń ra atọ́nà! Inú Rodiat dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀rọ méjì ló wà lórí tábìlì. Ọ̀kan fẹ̀, ó ń dán, ṣùgbọ́n ìgbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́ nìkan ló wúlò. Èkejì kéré, kò sì lẹ́wà, àmọ́ òun ló ń tọ́ bàálù balẹ̀ nígbà tí awakọ̀ kò bá rí ilẹ̀. Ọyẹ́ sì ti ń bọ̀.

"Rodi, ṣé o ò bínú mọ́? Èyí tó o bá ní kí n mú ni màá mú."

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé. Rodiat fojú inú rí i bó ṣe ń yípo nínú kùrukùru, tó ń ké pe Ọlọ́run. Ó dùn mọ́ ọn. Ó lanu láti ní kó mú ti ńlá, ni ó bá rántí pé òkú kì í tijú.

"Mú kékeré yìí. Ti ńlá á pa ọ́."

"Há! O ṣeun. Inú rẹ mà dára o."

"Inú wo ló dára? Mo fẹ́ kí o wà láàyè ni. Títí o ó fi lọ bẹ ìyá mi fúnra rẹ, láìrán àgbàlagbà kankan, mi ò ní so ó mọ́ bàálù rẹ."

Bọ̀wálé wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe eré. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ elépo.

"Dìde," ni Rodiat wí. "Ìyá mi wà nílé."