Wọ́n Sin Ẹsẹ̀ Mi Láàárọ̀ Yìí

Wọ́n sin ẹsẹ̀ mi ní Kàbà láàárọ̀ yìí. Èmi ò sí níbẹ̀.

Àná ni dókítà òyìnbó gé e nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi wá. Ó ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ti dí, ẹsẹ̀ náà sì ti ń kú. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara ọmọ ilé wa ò gbọdọ̀ jẹrà sílẹ̀ onílẹ̀. Ó fi aṣọ dì í, ó gbé e wọ lọ́rì. Kò tiẹ̀ dúró kí n jí!

Awakọ̀ lọ́rì náà ló yọjú sí mi lọ́sàn-án yìí, ó kí mi bí a ṣe ń kíra ní Kàbà.

"Okun o, Tíṣà! Gbogbo ẹbí yín ló péjú. Wọ́n gúnyán fún èrò."

Mo ní, "Ta ló ń bọ̀ wá wò mí?"

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín, ẹ kú ọ̀fọ̀."

Gbogbo ibùsùn inú wọ́ọ̀dù yìí ló ní ẹni tó jókòó tì í, àfi tèmi.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dá mi lóhùn: nínú èmi àti ẹsẹ̀ yẹn, ta gan-an ni ọmọ ilé wa?