Ewu Tí A Kọ Sára Ògiri

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ya àwòrán àgbàrá ní Okokomaiko lónìí, wọn ò tíì bí púpọ̀ nínú yín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé omi máa gba ibẹ̀. Ayé ológun ni, bí ọ̀rúndún tó kọjá ṣe ń lọ sópin. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní yunifásítì tó wà nítòsí Ìbà, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu mi mú nígbà náà, kò sì tíì kú báyìí. A ti ṣe ìwọ́de nítorí owó ilé-ìwé, a ti ṣe é nítorí iná mànàmáná. Kò sẹ́ni tó rò pé a máa torí yẹ̀pẹ̀ jáde.

Olùkọ́ wa kan, Dókítà Ọlátẹ́jú, ọmọ Èkìtì, ni ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á gbẹ́ ihò níbí, wọ́n á gbẹ́ ihò lọ́hùn-ún, wọ́n á máa wo irú amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àti ibi tí omi dé. Wọ́n rí i pé àdúgbò kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé sí lẹ́yìn Okokomaiko, ojú ọ̀nà omi gan-an ló jókòó lé. Ibẹ̀ ni àbàtà ń gbà da omi òjò sí ọ̀sà. Ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Baba Oníyanrìn ti da yanrìn dí i, ó sì ń tà á fún àwọn tí agbára wọn ò ká ilẹ̀ àárín ìlú. Dókítà ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì ti ka ìwé náà fáwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ wọn.

"Ta ló kà á ládùúgbò yẹn, sà?" Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan ní ọ́fíìsì wọn.

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́."

"Àwọn tó ń sùn lórí omi wá ńkọ́?"

Wọ́n ti ìwé náà síwájú mi. Bí ẹgbẹ́ ṣe gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ nìyẹn.

Dókítà wọn ibi tí omi máa dé lára ògiri kọ̀ọ̀kan, àwa sì fi ọ̀dà pupa fa ìlà síbẹ̀. A wá ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a máa kọ sókè ìlà, èyí tí ẹni tí kò kàwé púpọ̀ lè kà. A kọ EWU. Ó dùn mọ́ wa nínú, a rò pé a ti gbọ́n.

Ilé Papa Ngozi la ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìbò ni, tẹlifíṣọ̀n àlòkù ló ń tà ní Alábà, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Màmá rẹ̀ tó ti darúgbó, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti abúlé, jókòó sórí àpótí níwájú ilé. Papa Ngozi ka ohun tí a kọ sókè. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n wo ẹ̀yìn wa, wọ́n wo abẹ́ àpótí tí wọ́n jókòó lé.

"Ewu kwanu?" ni wọ́n wí.

Papa Ngozi bú sẹ́rìn-ín. "Màmá ń bèèrè pé ewúrẹ́ yín dà. Lédè tiwa, ewúrẹ́ lẹ kọ síbẹ̀ yẹn o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. A ṣàlàyé, a sì kọjá sí ilé kejì.

Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Ti Ìbò náà kò gbẹ́yìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, Baba Oníyanrìn ti rìn láti ojúlé dé ojúlé. Ó sọ fáwọn Ìbò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n ní ewúrẹ́, pé a fẹ́ lé wọn kúrò kí Yorùbá lè gba ilẹ̀ wọn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá, ó yí ohùn padà: ṣé èèyàn gidi ló ń kọ ewu sára ilé onílé? Èpè ni. Àwọn aláṣọ funfun wọ́n omi àdúrà sí tiwọn, àwọn yòókù fi ọ́ìlì dúdú pa á rẹ́. Ẹni kan ṣoṣo ló da ilẹ̀ rú, ó sì mú ká máa jà lórí ọ̀rọ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ Papa Ngozi lọ. Òun náà ti pa ìlà tirẹ̀ rẹ́.

"Sista, I no vex for goat," ló wí. "Ṣùgbọ́n everything wey I get dey inside this house. Ẹ ní omi ń bọ̀. Níbo lẹ ní kí n gbé Màmá lọ?"

"Kò dìgbà tí ẹ bá kó lọ. Tí ìjọba bá la ojú omi padà, ilé yín á dúró. Ẹ bá wa lọ bèèrè."

Ó ní òun á wá.

Òun nìkan ló sì wá láti gbogbo àdúgbò náà. A gba ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ lọ sápá Ọ̀jọ́, Dókítà wà níwájú, Papa Ngozi gbé páálí tí a kọ Ẹ LA OJÚ OMI sí. Àwọn oníṣòwò ń wò wá bí ẹni ń wo wèrè. A ò tíì dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí à ń lọ tí àwọn ṣọ́jà fi dá wa dúró.

"Who send una?" ọ̀gá wọn bèèrè.

"Òjò," ni mo dá a lóhùn.

Ó ní kí gbogbo wa máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Dókítà fò, pẹ̀lú ewú orí wọn. Ó dùn mí ju bùlálà tó bà mí lẹ́yìn lọ. Àwọn ṣọ́jà gbé Dókítà lọ pé wọ́n ń da ìlú rú, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀.

Nínú òjò ọdún yẹn náà ni omi dé, láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Kò ya ilé Ìbò sọ́tọ̀, kò ya ilé Yorùbá sọ́tọ̀. Ògiri yàrá ẹ̀yìn nílé Papa Ngozi wó lé Màmá lórí. Nígbà tí èmi àti Dókítà débẹ̀, omi náà dúró jẹ́ẹ́ níbi tí ọ́ìlì dúdú ti bo ìlà wa.

Èèyàn kan ní ó yẹ kí inú Dókítà dùn, pé ọ̀rọ̀ wọn ti ṣẹ. Wọ́n wò ó. "Àdúrà tí mò ń gbà ni pé kí n ṣìṣe," ni wọ́n wí, omi sì bọ́ lójú wọn.

Kí la rí gbà? Baba Oníyanrìn kò da yanrìn mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìjọba gbẹ́ gọ́tà tóóró kan tí ọ̀rá ti dí kí ọdún tó yípo. A pàdánù Màmá, a sì pàdánù Dókítà náà, torí wọ́n ṣì ń kọ́ni ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ níta mọ́. Inú ń bí mi títí dòní, n kò sì fẹ́ kó rọ̀. Ojú omi tí a tìtorí rẹ̀ fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ilé alájà méjì ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Gbèsè yẹn wà nílẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ jogún rẹ̀.

Mo yà kí Papa Ngozi láìpẹ́ yìí. Ó ti tún ìlà náà fà sára ògiri tuntun, ṣùgbọ́n kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ewúrẹ́ ló yà síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, orí rẹ̀ wà níbi ìlà.

"Màmá bèèrè ewúrẹ́," ló sọ fún mi. "Mo ti fún wọn."

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí n tó dìde, kò sì dá títí omi fi ń gun ògiri. Obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó ń gbé ní òdìkejì yọrí lójú fèrèsé.

"Papa Ngozi, ó ti débo?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ògiri. "Ó ti dé ikùn ewúrẹ́."

Ni gbogbo àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù gorí tábìlì, Ìbò, Yorùbá, Ègùn, láìsí ẹni tó bèèrè ìtumọ̀.