Oríkì Tí Sàká Fi Pamọ́

Láti ọdún mọ́kànlá tí Sàká ti ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ fún àwọn onínàáwó ní Kétu àti Ìkòsí, iná kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Bí wọ́n ṣe ń júwe rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nìyẹn: "Sàká ọmọ Ṣakí, èyí tí iná kì í kú mọ́ lọ́wọ́." Kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní pátákó. Gbólóhùn yẹn ló ń bá a wá iṣẹ́. Nítorí rẹ̀, bó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ láàárọ̀, kì í dìde lọ wòran títí wọn yóò fi ká àga.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, wọ́n ṣe àjọ̀dún orin lórí pápá ilé-ìwé kan ní Ìkòsí. Oòrùn ọjọ́ náà kò mọ ojú ẹnìkan. Kí aago mọ́kànlá tó lù, irin ẹnu géètì ti ń jó èèyàn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wá láti Gbàgádà àti Anthony, awò dúdú lójú wọn, wọ́n ń da omi inú ọ̀rá sórí ara wọn, wọ́n ń pariwo.

Mr. George, ẹni tó ṣètò àjọ̀dún náà, fún Sàká ní okùn ọwọ́ méjì tí wọ́n fi ń wọlé. Sàká mú ọ̀kan fún Nimat, ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò mú un lọ síbi orin rí. Nimat ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ pa, ó fi Bámi, ọmọ wọn, sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó wọ ankará tuntun, ó sì wá.

"Ìyá Bámi, abẹ́ kánọ́pì ni kó o dúró sí o."

"Ta ló ń wá síbi orin wá dúró lábẹ́ kánọ́pì?" Nimat rẹ́rìn-ín, ó wọ àárín èrò lọ.

Ẹ̀yìn ìtàgé ni ẹ̀rọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Sàká kò lè rí akọrin kankan láti ibẹ̀, àfi apá kan èrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ fún un bí orin ṣe ń lọ. Bí ìlù bá wúwo, ẹ̀rọ á kérora. Bí akọrin bá sinmi, á fúyẹ́.

Ní nǹkan bí aago méjì, ẹ̀rọ fúyẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Akọrin kan tí wọ́n ń pè ní Oyèṣọlá ló wà lórí ìtàgé. Ó ti dá orin dúró láàárín.

"Ẹ dúró ná," ohùn rẹ̀ gba gbogbo pápá. "Ta ni mo rí yẹn? Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró ọmọ Ìsẹ́yìn! Ṣé ojú mi ni, àbí oòrùn?"

Sàká gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ.

Àwẹ̀ró ni oríkì Nimat. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyá Nimat fa Sàká sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, "Bó bá bínú, òun ni kó o fi pè é. Má fi ṣòfò o." Sàká gbà á bí ẹni gba ohun tí wọ́n fi aṣọ wé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ti lò ó: lọ́jọ́ tí wọ́n bí Bámi, àti lọ́jọ́ tí ìyá yẹn kú. Inú yàrá ni méjèèjì. Ìyá Bámi ni gbogbo Kétu mọ̀. Ohun tí òun tọ́jú lọ́dún mẹ́jọ, ọkùnrin kan ti fi máíkì pè é lójú ayé.

Kì í sì í ṣe pípè ló dùn ún jù. Jíjẹ́ ìpè náà ni. Ó rí Nimat láàárín èrò. Ó rí i tó yíjú sókè, tó na ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ tó fẹ́ kí wọ́n gbé òun, gbogbo eyín níta. Sàká wá inú orí rẹ̀ títí: ìgbà wo lobìnrin yìí jẹ́ ìpè òun báyìí rí? Kò rí i.

Oyèṣọlá sọ oríkì náà di orin. Èrò ń gbè é. Àwọn ọmọ Gbàgádà tí kò lè pe orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n délẹ̀, gbogbo wọn ń pe ìyàwó rẹ̀.

Sherifdeen, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú gbohùngbohùn, wá bu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ Nimat.

"Ọ̀gá Sàká, ẹ wo obìnrin yẹn! Ọkọ ẹ̀ máa wà nílé, á máa retí ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹni tó ń kọrin yẹn gan-an lọkọ?"

Sàká tún wo èrò, ó ń rò ó. Bóyá wọ́n ti ń ríra tipẹ́. Bóyá ìdí ankará tuntun nìyẹn. Ọmọṣẹ́ ọjọ́ kan pàápàá mọ̀ pé èèyàn kì í pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ẹrù, ìyẹn gbogbo ohun tó ń fa iná, ṣì wà lórí rẹ̀. Sàká na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ó yí i.

Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ohùn Oyèṣọlá ṣẹ́kù lásán, ó tín-ín-rín bíi ti ẹnikẹ́ni. Ìyẹn tu Sàká nínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èrò bú sí hòò.

Mr. George sáré dé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti rin gbingbin. "Sàká! Ìwọ? Ìwọ náà?"

"Ó gbóná ni, sà."

"Iná kú mọ́ Ọ̀gá Sàká lọ́wọ́," Sherifdeen wí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń túfọ̀.

Mr. George sáré padà lọ pẹ̀tù sí àwọn akọrin nínú, Sherifdeen tẹ̀ lé e. Nimat ló wá dé lẹ́yìn wọn. Ó ti bá Sàká gbé pẹ́ tó láti mọ ojú aago tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe gbóná tó hàn. Ó wò ó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdérí ẹ̀rọ.

"Kò gbóná kọjá bó ṣe yẹ."

"Ta ni bọ̀bọ́ yẹn?"

"Oyèṣọlá? Ilé kejì sí tiwa ní Ìsẹ́yìn ni. Láti kékeré tí wọ́n ti kó lọ, òní ni mo tún rí i."

"Ta ló sọ oríkì ẹ fún un?"

Nimat wò ó. "Màmá mi. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á figbe ta: Àwẹ̀ró, wá wẹ̀! Ta ni ò gbọ́? Ewúrẹ́ àdúgbò gbọ́." Ó mú ọwọ́ kúrò lórí ìdérí. "Nínú gbogbo ariwo yẹn, Sàká, mo rò pé Màmá mi ló ń pè mí. Ìdí tí mo fi na ọwọ́ nìyẹn."

"Mo fi pamọ́ ni," Sàká wí.

"Fún ta?"

Nimat yí padà, ó ń lọ. Sàká já ẹrù kúrò lórí ẹ̀rọ, ó tan án, ó dá ẹrù padà. Èrò kígbe ayọ̀. Ìgbà yẹn ló la ẹnu, ó pè é. Ariwo ẹ̀rọ gbé orúkọ náà mì. Ó tún un pè. Nimat kò gbọ́, ó ń lọ.

Sàká dìde. Sherifdeen ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ọ̀gá, ibo lẹ ń lọ? Ta ló máa wo jẹnẹrétọ̀?"

"Máa wò ó."

Ó wọ inú oòrùn, ó ń fi èjìká la àárín àwọn ọ̀dọ́ kọjá. Nígbà tí ó sún mọ́ Nimat tó, ó gbé ohùn sókè bí ẹni dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Ìsẹ́yìn.

"Àwẹ̀ró!"

"Hẹ̀n-ẹ́n, bàbá yìí náà ti kọ́ orin yẹn!" ọmọbìnrin kan wí, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nimat yíjú padà. Sàká wá ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó yọ, nígbà tó sì yọ, kò tó ti ìṣáájú. Lórí ìtàgé, Oyèṣọlá ti tún gbé oríkì náà sẹ́nu. Sàká yára pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó má bàa jẹ́ ohùn ẹlòmíràn ni yóò kẹ́yìn létí rẹ̀.