Bọ̀dá Inú Ìgò

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé orí mi pé. Ìwúkàrà ni ọkọ àbúrò mi ń pè ní bọ̀dá. Ìwúkàrà tí wọ́n fi ń wú búrẹ́dì! Inú ìgò ló ń gbé, lórí pẹpẹ ìdáná, àbúrò mi obìnrin sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé, ojú mi ló ń ṣe.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni ọkọ àbúrò mi. Oníbúrẹ́dì ni ìyá rẹ̀ nílé, ìyá náà sì ti po ìwúkàrà yẹn kí ó tó lóyún rẹ̀ rárá. Nígbà tó ń bọ̀ wá sí ìlú òkèèrè yìí, ìyá bu díẹ̀ sínú ìgò fún un, ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kí ebi pa á o. Ó ṣáájú rẹ dé ilé mi." Ọkùnrin yẹn gba ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Nígbà tí aṣọ́bodè bi í pé kí ló wà nínú ìgò, "Ẹ̀gbọ́n mi ni" ló dáhùn. Wọ́n dá a jókòó títí ó fi rẹ gbogbo wọn.

Ọjọ́ tí àbúrò mi wọlé ọkọ, wọ́n mú un lọ sí ìdáná.

"Bọ̀dá ti wà nílé kí o tó dé," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ìyàwó lo jẹ́ sí wọn."

Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ ká máa lọ. Ó ní sùúrù ni baba ìwà. Mo ní baba ìwà wo ló ń kúnlẹ̀ fún ìyẹ̀fun? Bọ̀dá gbọ́dọ̀ jẹ ìyẹ̀fun, kí wọ́n mu omi, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí wọ́n bá wú jáde lẹ́nu ìgò, a kò gbọdọ̀ dà wọ́n nù, torí ta ló ń da ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ààtàn?

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ rẹ̀ á bù lára Bọ̀dá, á fi ṣe búrẹ́dì. Bí èèyàn ṣe ń jẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò fi di ọ̀ràn, ẹ má bi mí. Búrẹ́dì náà le, ó sì kan. Ṣùgbọ́n bó bá ti bù ú sẹ́nu, á dijú, á ní, "Ọwọ́ ìyá mi rèé." Ìyá náà kú lọ́dún kejì ìgbéyàwó wọn, kò sì ráyè lọ sin ín. Ohun tó kù fún un lára ìyá kò ju inú ìgò yẹn lọ. Ìdí nìyí tí èmi náà fi ń jẹ búrẹ́dì mi láì sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá ni Bọ̀dá wú kún orí pẹpẹ. Àbúrò mi bu èyí tó wú jáde sínú abọ́, ó gbé e fún aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. A gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Òtútù wá dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bọ̀dá ò hó mọ́, àánú sì ṣe àbúrò mi. Ṣé kí àgbàlagbà máa gbọ̀n kí ìyàwó ilé máa wò wọ́n ni? Ó fi ṣáàlì we ìgò náà, ó gbé e ka orí ẹ̀rọ amúlégbóná, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, sà," ó bá iṣẹ́ lọ. Kó tó dé, Bọ̀dá ti jinná.

Ọkọ rẹ̀ kò bínú. Ó jókòó sílẹ̀ ìdáná, ó gbé ìgò lé itan. Ká ní ó pariwo ni, ẹ̀rù ì bá má bà wá tó bẹ́ẹ̀. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun kú. Ọ̀gá ní kí ló pa á. Ó ní ooru ni. Nínú òtútù yẹn! Síbẹ̀ wọ́n fún un láyè, wọ́n tún fi òdòdó ránṣẹ́.

Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn béèrè ibi tí òkú wà, a nawọ́ sí ìgò. Ó ṣí fìlà, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Wọn ò jìyà púpọ̀."

Àbúrò mi wà nínú yàrá, ó ń sunkún. "Àǹtí, ìyá wọn tún kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni mo pa wọ́n. Ọkọ mi ò ní lè wo ojú mi mọ́." Kò sí ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Ìgbà náà ni aránṣọ ìsàlẹ̀ wọlé, ó gbé abọ́ dání. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ìyàwó fún mi, tí mo ń fún ní ìyẹ̀fun, ló ń kún ilé mi yìí. Ṣé kí n dà á nù ni?"

"Rárá!" Gbogbo ilé ló ké.

Ọkọ àbúrò mi gba abọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ìyá mi!" ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú ọjọ́ yìí. Mo fa àbúrò mi jáde, mo dìde dúró láàárín wọn. "Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí wọ́n bu èyí lára Bọ̀dá, ṣé ìyàwó ti wà nílé àbí kò tíì sí?"

Àwọn awakọ̀ wo ara wọn. Àgbà wọn ní, "Ó ti wà."

"Ọmọ Bọ̀dá lèyí, ẹ̀yìn ìyàwó ló dé. Kó wá kí ìyàwó!"

Ọkọ rẹ̀ rò ó títí, ó ní mo jàre. "Ṣùgbọ́n kò níkùn tó máa fi dọ̀bálẹ̀. Èmi ni màá bá a dọ̀bálẹ̀." Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú aya rẹ̀, ó ní kó sọ ọmọ náà lórúkọ. Ijó ló kù kí n jó.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àbúrò mi wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó wo abọ́.

"Yéwándé," ló wí. "Ìyá yín ló wá yín dé ìhín."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, àwọn awakọ̀ ṣe àmín. Èmi nìkan ni ara mi ò gbà á. Mo fa àbúrò mi láṣọ. "Ọmọ tó yẹ kó máa kí ọ lo sọ di ìyakọ yẹn! Ṣé o mọ ohun tí o ṣe?"

"Mo mọ̀, Àǹtí."

Ó gbé abọ́ jìnnà sí ẹ̀rọ amúlégbóná, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ìrìn."