Mọ́tò Lẹ́tà Kọjá Láìgbé Bàbá Wáyà

Èmi ni mo gba wáyà náà. Ọjọ́ Sátidé ni, ní pósófíìsì Ọ̀wọ̀, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó ti ẹ̀rọ, kí n máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀, kí n sì máa kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀. Ìbìní ni wáyà yìí ti wá. Ẹni tó ni ín wà lẹ́yìn ilé, ó ń la igi ìdáná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ní kó jókòó.

Bàbá Wáyà là ń pè é. Ọmọ Upenmen nítòsí Ọ̀wọ̀ ni, níbi tí wọ́n ti ń pe ìyá ní Ìyé. Òun ló ń gun òpó, tó ń so okùn wáyà tó bá já lójú ọ̀nà Ìbìní. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe lébìrà ojúmọ́ kí ìwé tó dé lọ́sẹ̀ náà pé ó ti di òṣìṣẹ́ ìjọba gidi. Tìtorí ìwé yìí la ṣe ń dáná. Ní ọ́fíìsì wa, ẹnì kan kì í dá yọ̀. Bí ìyàwó ẹnì kan bá bímọ, tàbí wọ́n gbé ẹnì kan ga, a ó ti ilẹ̀kùn ní aago kan, a ó gúnyán lẹ́yìn ilé. Ìyàwó ọ̀gá á se ọbẹ̀. Alfa tó ń ta sítáǹbù á pa ẹran, kí gbogbo wa lè jọ jẹ ẹ́.

Wáyà náà kò gùn: "Ìyá ń béèrè rẹ. Wá lónìí." Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló fi ránṣẹ́.

Òfin ni kí n fi í sínú àpòòwé, kí n fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo gbé e lọ. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyá ti kú."

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Láti ìgbà tó o ti ń gba wáyà, èwo lo gbà rí tí kì í ṣe ti òkú?"

Mo ronú. N kò rántí ọ̀kan. Nígbà yẹn, bí àwọn obìnrin bá rí àpòòwé wa lọ́wọ́ ońṣẹ́, wọn a ti figbe ta kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Alfa wọlé, ẹ̀jẹ̀ ẹran ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A sọ fún un.

"A kì í túfọ̀ fún ẹni tí òkèlè wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀," ó ní. "Òkú ò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kó jẹun ayọ̀ rẹ̀. Tó bá dọ̀la, a ó lọ bá a nílé."

Mo ká ìwé náà, mo fi sápò ṣòkòtò mi.

A jẹun. Alfa ní, "Bàbá Wáyà, ìwọ tó o ti di òyìnbó, ṣé wàá ṣì máa gun òpó?"

"Rárá o! Ẹ̀yin lẹ ó máa gùn ún. Èmi á dúró nísàlẹ̀, màá máa bú yín."

Ó dìde, ó ń jó. Àtẹ́wọ́ wa ni ìlù.

Ní aago méjì, mọ́tò lẹ́tà tó ń lọ sí Ìbìní dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àyè ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ṣófo, òṣìṣẹ́ wa kì í sì í sanwó níbẹ̀. Bàbá Wáyà fúnra rẹ̀ ló gbé àpò lẹ́tà sínú ọkọ̀. Ó bu iyán fún dírẹ́bà.

"Gòkè wá, ká jọ máa lọ," dírẹ́bà wí.

"Kí Ìyé mi rí mi láìmú iṣu dání? Ó di Sátidé tó ń bọ̀. Màá gbé ìwé mi lọ fi hàn án."

Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá wolẹ̀. Mọ́tò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwa mẹ́ta lọ sí yàrá rẹ̀. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni Bàbá Wáyà rí i tí mo yọ ìwé wáyà náà nínú àpò ṣòkòtò mi.

"Kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Mo kà á.

"Ìgbà wo ló dé?"

"Lọ́sàn-án àná, Bàbá."

"Ṣáájú mọ́tò lẹ́tà ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kẹ́dùn.

"Ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?"

Alfa ní, "A rò pé..." Bàbá Wáyà wọ ẹ̀wù, ó lọ dúró lójú títì. Ọkọ̀ agégẹdú ló gbé e.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo wá àbúrò rẹ̀ lọ sí Ìbìní. Ohun tó sọ nìyí, n kò fi kún un:

"Ìyé ò kú lọ́jọ́ Sátidé. Mo lọ dúró de mọ́tò lẹ́tà nírọ̀lẹ́. Mo béèrè ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ó ní, 'Ara rẹ̀ le. Iyán rẹ̀ ni mo jẹ wá. Ijó ni mo fi í sílẹ̀ tó ń jó.' Mo délé, mo sọ ọ́ fún Ìyé. Ó ní, 'Ijó?' Ó kọjú sí ògiri. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ ló kú."

Igi ti wó lu okùn wáyà lẹ́bàá odò Ọ̀sẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Bàbá Wáyà ló lọ so ó lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wáyà Sátidé náà tó rí ọ̀nà gbà wá.

Kò bá wa jà. Ó ní, "Ẹ fẹ́ràn mi. Mo mọ̀." Láti ìgbà náà, ìdí òpó ló ti ń dá jẹun.

Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, mo ra iṣu. Ìyàwó ọ̀gá ní ara òun ò yá. Alfa ní ọ̀bẹ òun ti sọnù. Bàbá Wáyà nìkan ló wá. Mo gbé iyán síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ǹjẹ́ wáyà kankan wà fún mi lónìí?"

"Kò sí, Bàbá."

"Ṣó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

Ó ń wo àpò ṣòkòtò mi.