Òṣùká Ìyá Mi

Bí mo bá rí òṣùká, ìyá mi ni mo máa ń rántí. Àkísà àǹkárá ló fi máa ń ká a. Á pe Bisimilahi, á gbé e lé orí.

Nígbà tí wọ́n ń fọ́ kọnkéré àtijọ́ tó yí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ká lẹ́yìnkùlé Alájì kan ní Ìlọrin, ìyá mi ní òun fẹ́ bá wọn ru àfọ́kù rẹ̀. Mo tẹ̀lé e débẹ̀.

Fóómàn ní, "Ìyá, iṣẹ́ yìí ti ju agbára yín lọ."

Ìyá mi fọwọ́ kàn mí. "Èmi ni mo ru kọnkéré yìí wọlé ní tútù, pẹ̀lú oyún ọmọ yìí nínú. Orí tó gbé e wọlé ni yóò gbé e jáde."

Fóómàn yíjú sí mi: "Ọ̀gá, ẹ bá wa bẹ ìyá yín."

Mo bọ́ fìlà mi. "Ìyá mi, ẹ ká òṣùká kan fún èmi náà."