Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Kí Oògùn Tó Tán

Orí "Àmín" ni àìsàn mi ti kọ́kọ́ yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni, àmín tí a fi ń parí orin nínú ìsìn. Èmi ni mo ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Kuje, mo sì fẹ́ràn láti máa fa àmín yẹn títí tí àwọn ọmọdé yóò fi yíjú wò mí. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ọyẹ́, mo fà á dé ìdajì, ó já mọ́ mi lẹ́nu. Ikọ́ ló gba ipò rẹ̀. Mo wúkọ́ títí olórí akọrin fi sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo ní eruku ọyẹ́ ni.

Nígbà náà, ìjọba àpapọ̀ kò tíì kó kúrò ní Èkó. Ilé ni wọ́n ń kọ́ káàkiri Àbújá, èmi bíríkìlà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ. Láàárọ̀ a ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ láti Kuje lọ sí Garki, nírọ̀lẹ́ a ó padà wálé tàwa ti sìmẹ́ńtì nínú irun imú. Ta ni yóò mọ ikọ́ àìsàn yàtọ̀ sí ikọ́ sìmẹ́ńtì? Mo mu tíì gbígbóná, mo lá oyin, mo fi ìpara pa àyà. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di mẹ́fà. Bí mo bá sùn, òógùn á bò mí títí aṣọ ìbora á fi tutù. Oúnjẹ kò wù mí jẹ mọ́, mo sì ti lu ihò tuntun méjì sí bẹ́líìtì mi.

Ìyàwó mi, Ìyá Tóyìn, ọmọ Kàbbà ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ń wò mí láàárọ̀ ọjọ́ kan bí mo ṣe ń di bẹ́líìtì náà.

"Bàbá Tóyìn," ó ní, "ṣé sìmẹ́ńtì náà ló ń jẹ ẹran ara yín ni? Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn. Ilé ìwòsàn là ń lọ."

Ilé ìwòsàn ìjọba ní Gwagwalada la lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa lọ irú ibẹ̀, ẹ mú sùúrù dání, ẹ mú nǹkan jíjẹ pẹ̀lú. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n máa gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ wá nínú ìgò kékeré fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí tó bá jáde láti ìsàlẹ̀ àyà, kì í ṣe itọ́ ẹnu. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Wọ́n tún ya fọ́tò àyà mi. Ẹ̀dọ̀fóró tó dá ṣáṣá a máa dúdú nínú fọ́tò náà nítorí afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Tèmi ní àbàwọ́n funfun lápá òkè ní ọ̀tún, bí ìgbà tí bíríkìlà tí kò mọṣẹ́ bá rẹ́ ògiri.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó wa, Sísítà Làràbá, ọmọ Zaria ni, ṣùgbọ́n Ìlọrin ló ti kọ́ iṣẹ́, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara.

"Sànnu, Bíríkìlà," ó ní. "Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á pa yín. Bí ẹ bá lo oògùn, á lọ. Ọdún kan gbáko o. Kì í ṣe oṣù mọ́kànlá."

Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe ẹnì kan ládùúgbò wa, abọ́ rẹ̀ á dá dúró, àga rẹ̀ á dá dúró, kò sì ní pẹ́ tí àga náà á ṣófo. Ọ̀rọ̀ Tóyìn ló tún dùn mí jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, àyà mi yìí ló sì ń sùn lé. Wọ́n yẹ òun náà wò, wọ́n fún un ní oògùn tí yóò dáàbò bò ó. Sísítà ṣàlàyé pé inú afẹ́fẹ́ ni kòkòrò náà ń gbà lọ bí a bá wúkọ́, kì í ṣe inú abọ́, àti pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí oògùn bá ti wọra, ewu kíkó o ran ẹlòmíràn á dínkù gan-an. Kí n sáà máa fi aṣọ bo ẹnu, kí n sì jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí.

Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni mo kọ́kọ́ gbà fún oṣù méjì. Ìdí mi méjèèjì ló ń dùn mí, mo sì ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó fẹ́ sá jáde nígbà ìwàásù. Etí mi ń hó, ẹnu mi a máa kú tipiri lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Oògùn oníhóró wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ni mo máa lò fún ọdún kan.

Ìyá Tóyìn kó àwọn hóró náà sínú agolo tíì kan, ó gbé agolo náà lé orí Bíbélì wa. Ó ṣòfin: kò sẹ́ni tó máa gbé agolo láìṣí Bíbélì, kò sì sẹ́ni tó máa ṣí Bíbélì láìgbé agolo. Kí n má purọ́, ṣáájú ìgbà yẹn, Bíbélì wa kì í ríṣẹ́ ṣe láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé. Onígbàgbọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mí, onígbàgbọ́ olóhùn ńlá. Mo bá bẹ̀rẹ̀ láti inú Máàkù, nítorí òun ló kúrú jù nínú àwọn ìyìn rere mẹ́rin. Orí kan fún ọjọ́ kan tàbí ìdajì orí, pẹ̀lú hóró oògùn. Bí mo bá parí rẹ̀, mo tún máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi.

Ní oṣù kẹta, wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, kòkòrò kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀kẹ́ mi ti kún, bẹ́líìtì ti padà sí ihò àtijọ́. Sísítà Làràbá ní, "Yauwa! Ṣùgbọ́n ó ṣì ku oṣù mẹ́sàn-án o." Yauwa tó fi yìn mí nìkan ni mo gbọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo bọ́ síwájú ìjọ. Nínú kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń jọ́sìn, ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Mo jó, mo bọ́ kóòtù, mo yí po kí gbogbo ènìyàn lè rí ẹ̀yìn àti iwájú mi. Mo ní, "Olúwa ti wò mí sàn pátápátá! Ó ti parí!" Ìjọ hó yèè. Bàbá Ìjọ, àgbàlagbà tó fi iṣẹ́ dírẹ́bà lọ́ọ̀rì sílẹ̀ gba iṣẹ́ Olúwa, fi orin gbè é.

Ẹ̀rí yìí ló kó mi sí wàhálà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá Tóyìn mú ọmọ lọ sí Kàbbà lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ṣubú. Àwọn akọrin wá bá mi yọ̀ pẹ̀lú ọsàn tí wọ́n rà ní Zuba. Ọ̀kan nínú wọn rí agolo lórí Bíbélì, ó mì ín, ó ní, "Ta ló tún ń lo oògùn nílé yìí?" Kí n tó ronú, mo ti ní, "Ti ọmọ ni." Nígbà tí wọ́n lọ, mo gbé agolo náà sínú àpò irinṣẹ́, lábẹ́ ṣíbí ìrẹ́lé. Mo lò ó díẹ̀ níkọ̀kọ̀. Mo gbàgbé lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, mo sọ fún ara mi pé bí mo bá tún ń gbé oògùn mì lẹ́yìn ẹ̀rí, mo ń sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ ni. Ìgbàgbọ́ ni mò ń pè é. Ìtìjú ni. Èyí tó sì pa mí lẹ́rìn-ín lónìí ni pé láti ọjọ́ tí agolo ti kúrò lórí Bíbélì, n kò ṣí Bíbélì náà mọ́. Ẹni tí Olúwa wò sàn kò ráyè fún ọ̀rọ̀ Olúwa!

Ìyá Tóyìn lo oṣù méjì àbọ̀ ní Kàbbà. Lọ́sẹ̀ tó padà, ikọ́ náà ti padà ṣáájú rẹ̀. Mo wúkọ́ sí áńkáṣíìfù, mo rí ẹ̀jẹ̀. Ó wá agolo lórí Bíbélì kò rí i, ó wá a títí tó fi tú àpò irinṣẹ́ mi. Ó mi agolo náà, ó ró wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. Mo rò pé á pariwo. Ẹkún ló bú sí.

"Bàbá Tóyìn," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ fún ọmọ yìí lọ́jọ́ iwájú pé ẹ̀rí ìwòsàn ló pa bàbá rẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju abẹ́rẹ́ lọ.

"Kai, Bíríkìlà!" ni Sísítà Làràbá wí nígbà tí a padà dé Gwagwalada. Ó bínú, ó sì fi ìbínú náà ṣàlàyé. Ó ní nínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn kòkòrò kan máa ń sùn. Oògùn a máa yára pa èyí tó jí, ara á sì yá, ṣùgbọ́n èyí tó ń sùn máa ń pẹ́ kó tó kú, ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú fi gùn. Bí a bá dáwọ́ dúró, á jí, ó sì lè ti mọ oògùn náà lójú kó má bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti gbogbo rẹ̀, kí a máa gbàdúrà pé oògùn náà yóò tún ṣiṣẹ́.

Lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí mo ti ń dúró de abẹ́rẹ́, mo ṣí Bíbélì tí Ìyá Tóyìn kì bọ àpò mi. Òwú tí mo fi sàmì ṣì wà ní orí keje Máàkù, mo bá ka orí kẹjọ. Níbẹ̀ ni Jésù ti fọwọ́ kan afọ́jú kan ní Bẹtisáídà, tó bi í bóyá ó rí nǹkan. Ọkùnrin náà ní òun rí àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n bí igi tó ń rìn. Jésù tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ríran kedere. Mo ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré, n kò sì gbọ́ ọ rí. Ká ní èmi ni, mo mọ ohun tí n bá sọ: "Mo ríran pátápátá, Olúwa! Ó ti parí!" N bá jó, n bá bọ́ kóòtù, n bá sì padà sílé lọ máa kí igi. Ọkùnrin yẹn sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí gan-an, Jésù kò sì bínú sí i. Mo sunkún lórí bẹ́ǹṣì, mo sì rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sún díẹ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tí Sísítà ní mo lè bọ́ sáàárín èrò, mo tún dìde ní ìjọ. Mo ní, "Mo wá tún ẹ̀rí mi jẹ́. Ara mi kò tíì yá tán nígbà tí mo ní ó ti yá. Mo fi oògùn pa mọ́ nítorí yín, mo purọ́ mọ́ ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ sì jáde lẹ́nu mi. Mo ti padà sídìí oògùn. Ẹ bá mi gbàdúrà títí yóò fi tán."

Bàbá Ìjọ dìde. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú àpò agbádá rẹ̀, ó wá a títí, ó mú ìwé kékeré kan tó ká jáde, ó tú u. Hóró oògùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru," ó ní. "Ó ti tó ọdún márùn-ún. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni mo ti ń gbé e mì, kí ẹ má baà ní Bàbá Ìjọ kò nígbàgbọ́. Ẹ bu omi fún mi."

Ó gbé e mì níwájú gbogbo wa. Ẹ̀rín bẹ́. Ìyá kan láti ẹ̀yìn ní òun náà ní ti àtọ̀gbẹ nínú báàgì. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Nígbà tí ọdún oògùn náà pé, ní ọjọ́ tí wọ́n ti káàdì ìtọ́jú mi pa ní Gwagwalada, Sísítà Làràbá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ó tán o, Bíríkìlà. Ẹ lè lọ jó báyìí." Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe dìde fún ẹ̀rí, Bàbá Ìjọ na ọwọ́ síta. "Káàdì dà?" Mo fi hàn án, ó kà á fún ìjọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí orin parí, mo fa àmín náà. Mo fà á títí Tóyìn fi na ìka sí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí oògùn bí ẹ ti ń ka èyí, mo mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé tèmi ni èémí tí mò ń mí. Àlejò ni, ó ń wọlé, ó ń jáde, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló yẹ ká máa kí. Ìyá Tóyìn kò sì tíì gbé agolo náà kúrò lórí Bíbélì wa. Láràárọ̀, kí n tó ṣí ìwé, mo máa ń gbé e sókè, mo máa ń mì ín. Kò ró. Mo máa ń ní, "Ẹ ṣé, Olúwa. Oògùn tán."